Ọmọ mi ń jẹun, kò sanra: ìtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní ká lọ yẹ̀ wò

Ìyá Àṣàkẹ́ (Odògbolú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, kó jọ̀ọ́ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún kan àti oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń rù. Mi ò fi oúnjẹ dù ú. Ẹ̀kọ láàárọ̀, gàárì lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, àmọ́ kò hàn lára rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru mú un lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ìyẹn lọ tán, ó wá di ẹkún ṣáá, ó sì ń bì nígbà mìíràn. Kẹ́míìsì àdúgbò wa ti fún un ní oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ṣẹ́kù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi téèpù kékeré kan wọn apá rẹ̀ lókè, ibi pupa ló bọ́ sí: sẹ̀ǹtímítà 11.2. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 7.1. Wọ́n ní kí n máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Mo gba ìtọ̀ rẹ̀ láti inú póò, wọ́n ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, wọ́n ní ó jọ pé àkóràn wà níbẹ̀. Dókítà ti kọ oògùn, ṣùgbọ́n ó ní kí n mú ìtọ̀ mìíràn tó mọ́ wá láàárọ̀ ọ̀la kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà, pé ti inú póò yẹn kò mọ́ tó láti fi hu kòkòrò wò ní láàbù.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ìtọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ èdè? Báwo ni àkóràn ṣe wà lára ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbóná rárá? Ìkẹta ló dùn mí jù: bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ "àkóràn nínú ìtọ̀", wọ́n ní àtọ̀sí nìyẹn. Láti àná ni wọ́n ti ń wò mí bákan.


Òṣìṣẹ́ Láàbù (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìyá Àṣàkẹ́, nígbà tó jẹ́ àárọ̀ ọ̀la ni, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn ti ìtọ̀, àwọn àgbà á bá yín sọ ìyókù. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ike onídèérí tí wọ́n fún yín, ẹ má ṣí i àfi ìgbà tí ìtọ̀ bá fẹ́ wọlé. Ẹ má fi omi ṣàn án, ẹ má ki ìka bọ inú rẹ̀. Ìgò tẹ́ ẹ fọ̀ nílé kò lè dípò rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹnì kan gbé ìtọ̀ ọmọ wá fún mi rí nínú ìgò oyin. Ohun tó hù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ náà.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ ojú ara rẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ má lo Dettol, ẹ má lo Izal. Tó bá kán sínú ìtọ̀, ó lè pa kòkòrò tí à ń wá, àbájáde á wá sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ fún un ní omi mu. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ẹ gbé e lé itan láìwọ nǹkan kan sí i nísàlẹ̀, kí ẹlòmíràn di ike mú. Ẹ ṣe "ṣùùù" bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Tí kò bá dá a lóhùn, ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ẹ fi máa pa abẹ́ ikùn rẹ̀ yíká yíká. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ tó kọ́kọ́ jáde dà sílẹ̀, ẹ gba ti àárín. Kò ní láti kún ike, ṣíbí kékeré méjì ti tó.

Ẹ má fún ìtọ̀ jáde látinú pámpásì, ẹ sì má rọ̀ ọ́ láti inú póò mọ́.

Kó tó pé wákàtí kan, kó ti dé láàbù. Odògbolú sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìn, àmọ́ ẹ mọ bí mọ́tò ṣe ń dúró de èrò. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ gbé ike náà sínú kúlà tó ní yìnyín. Nínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tí nǹkan ti ń dì o, ó lè wà títí di wákàtí 24. Tó bá jẹ́ inú báàgì lábẹ́ oòrùn ló wà, kòkòrò méjì á di ẹgbàágbèje kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ó sì máa pe ohun tí kì í ṣe àìsàn ní àìsàn. Ohun tó tilẹ̀ rọrùn jù ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ wá, kó tọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ wa.

Tó bá ti dé ọwọ́ wa, a ó dá a sórí oúnjẹ kòkòrò, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru bí ara ènìyàn. Ó máa tó nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó hù, ọjọ́ kan mìíràn tún ni ká fi mọ oògùn tó ń pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹta. Nínú ìtọ̀ tẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀, tí kòkòrò irú kan ṣoṣo bá tó 100,000 nínú mílílítà kan, àkóràn ni. Tó bá jẹ́ irú mẹ́ta mẹ́rin ló hù pọ̀ mọ́ra wọn, ìdọ̀tí ló sábà máa ń jẹ́, a ó sì ní kẹ́ ẹ tún òmíràn mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa nígbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fi èyí sọ́kàn: bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dára, àmọ́ ojú kan nínú rẹ̀ ń fẹ́ kí ìtọ̀ ti pẹ́ tó wákàtí mẹ́rin nínú ilé ìtọ̀ kó tó lè rí nǹkan. Ọmọ kékeré ń tọ̀ léraléra. Bébà lè sọ pé kò sí, kó sì wà.


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Ọmọ mi, ẹ kú ìdúró tì í. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àtọ̀sí kúrò nílẹ̀, torí mo ti rí ilé tó tú ká lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí à ń pè ní àtọ̀sí, ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Èyí tó wà nínú ìtọ̀ ọmọ yìí, inú ìgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti sábà máa ń wá. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ E. coli. Inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, ti ìyá ọkọ yín náà wà níbẹ̀, kì í sì í sábà ṣe wá ní nǹkan kan. Ibi tó ti ń di wàhálà ni tó bá rìn kúrò nídìí lọ sí ojú ọ̀nà ìtọ̀, tó sì gùn ún lọ sókè. Lára ọmọbìnrin kékeré, àárín ibi méjèèjì kò jìnnà rárá, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ sì kúrú. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, tí ìgbẹ́ ń pẹ́ lára rẹ̀ nínú pámpásì láti alẹ́ di àárọ̀, kòkòrò ti rí ọ̀nà. Ẹ ka ohun tí mo kọ yìí sí ìyá ọkọ yín létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tó ti gbẹ̀bí ìyá tó sì gbẹ̀bí ọmọ ló sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé nǹkan bí ọyún ló ń jáde lójú ara ọmọ, tàbí ibẹ̀ fara pa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí i.

Ẹ wá béèrè pé báwo ni àkóràn ṣe wà tí ara kò gbóná. Ibi tí a ti ń pàdánù ọmọ gan-an nìyẹn. Ooru tí à ń pè ní ibà, ara ló ń dá a fúnra rẹ̀. Bí ara bá rí kòkòrò, ó ń dáná ogun sí i. Ọmọ tó ti rù kò ní igi tó máa fi dáná. Kòkòrò á máa ṣe bó ṣe fẹ́ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn á tilẹ̀ tutù. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ sí i lábíyá tó fi wà nísàlẹ̀ 35, ẹ má sọ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ewu ńlá ni. Ẹ gbé e mọ́ àyà, ara kan ara, ẹ fi fìlà bo orí rẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan dídùn mu, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ.

Àgbàlagbà á sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ọmọ ọdún kan kò lè sọ ọ́. Ó lè máa ké bó bá ń tọ̀, ó lè máa bì, kó kọ oúnjẹ, ìtọ̀ rẹ̀ lè máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan, àfi pé ó ń jẹun tí kò sanra. Èyí ló fà á tí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 fi sọ pé kí wọ́n fún ọmọ tí àìjẹunrekánú rẹ̀ ti le ní oògùn apakòkòrò, bí kò tilẹ̀ sí àmì àìsàn mìíràn lójú. Bí ọmọ bá sì ti ń gba oúnjẹ ìtọ́jú tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká wá àkóràn tó fara pamọ́, ká sì yẹ ìtọ̀ wò. Ikọ́ àwúbì náà wà nínú ohun tá a máa wá, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò HIV. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù àyẹ̀wò bà yín.

Téèpù yẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé kó tó pé ọdún márùn-ún, tí apá òkè bá wà nísàlẹ̀ 11.5, ó ti le. Láti 11.5 sí 12.5, ó ti ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ tètè dìde.


Ìyá Ìbejì (Ṣàgámù)

Ẹ ṣé, Màmá. Èmi fẹ́ kí Ìyá Àṣàkẹ́ gbọ́ ti Kẹ́hìndé mi, kó má bàa ṣe àṣìṣe tí mo ṣe.

Kẹ́hìndé rù, Táíwò kò rù. Mo ní bóyá bó ṣe máa rí nìyẹn. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé ń yọ. Ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ará ilé wa ń sọ pé, "Ìyá Ìbejì, ọwọ́ yín mà ti kàn án." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún nínú bàtà. Mo tilẹ̀ ra bàtà mìíràn fún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí wa. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì tẹ orí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Kòtò méjì ló wà níbẹ̀. Mo ń retí kí ẹran ara náà padà sókè, kò padà. Omi ni, kì í ṣe ẹran. Mi ò lè gbàgbé kòtò méjì yẹn láéláé.

Kó tó di ìgbà yẹn, mo ti ra abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ kẹ́míìsì kan, wọ́n gún un, kò tọ̀ dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa tó kún ìgò kan. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tá a gbé e lọ fi wá sílẹ̀ lórí àga láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n ní kò gbóná, kò sí kánjúkánjú. Ibi kejì ló yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Ó wà láyé lónìí, ó ti wọ ilé ìwé, mo dúpẹ́. Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra abẹ́rẹ́ kankan níta.


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Ìyá Ìbejì, ẹ ti sọ ohun tí mo ń wá ọ̀nà láti sọ. Mo kí yín kú oríire Kẹ́hìndé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un. Mo mọ̀ pé ojú ọmọ tó rù máa ń funfun, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ká ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìrin wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àkóràn ṣì wà lára ọmọ tí àìjẹunrekánú ti mú gan-an, ìrin yẹn lè mú kí àkóràn náà le sí i. Ilé ìwòsàn kì í fún un níbẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì.

Omi fífà náà ńkọ́? Àwọn bàbá wa máa ń bínú pé "ẹ ò fa omi sí i lára." Ọkàn ọmọ tó rù kò lágbára láti ti omi púpọ̀ kiri. Àfi tó bá ti dákú tán ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Tí wọn ò bá fà á, ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe, wọn ò pa á tì.

Bákan náà ni oúnjẹ. Ọmọ tó ti wú tàbí tó ti kọ oúnjẹ pátápátá, ẹ má ṣe gbé abọ́ ẹran àti ẹyin tì í lójijì nílé kó lè yára sanra. Wàrà kan tí wọ́n ń pè ní F-75 ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ fún un nílé ìwòsàn, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Ti Àṣàkẹ́ yàtọ̀, ó ṣì ń jẹun, kò wú. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ máa tọ́jú rẹ̀ láti ilé, ẹ lè máa bọ́ ọ nílé, kẹ́ ẹ sì máa gbé e padà lọ wọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.


Àlàájà Elépo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo kí gbogbo yín. Èmi bí ọmọ mẹ́fà, àgbo ni mo fi tọ́ wọn. Tí ìtọ̀ ọmọ bá ti pọ́n, a ní ewé tí à ń sè fún un. Ṣé gbogbo nǹkan ló ti di oyinbo ni?


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Àlàájà mi, ẹ kú ọmọ. Mi ò bú àgbo o, òun ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ọmọ tó sanra tó sì lágbára yàtọ̀ sí èyí tí kíndìnrín rẹ̀ ń jà pẹ̀lú àkóràn. A ò mọ bí àgbo ṣe lágbára tó nínú ife kan, kíndìnrín yẹn náà ló sì máa sẹ́ ẹ. Ikùn ọmọ ọdún kan kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Bí a bá fi àgbo kún un, ibo ni oúnjẹ fẹ́ dúró sí? Ẹ jẹ́ kó lo oògùn tí láàbù bá tọ́ka sí tán ná, Àlàájà.


Àlàájà Elépo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ti àyè inú ikùn yẹn wọ̀ mí létí. Mo gbà.


Bàbá Fọlá (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ni tèmi, oṣù mẹ́wàá. Wọ́n ti tọ́jú irú àkóràn yìí fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti padà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé tó bá ń tọ̀, kì í ta jìnnà. Kíkán ló ń kán, tó, tó, tó, á máa fún ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ní ẹ̀jẹ̀ máa ń wà ní ìparí ìtọ̀ òun. Ṣé ohun kan náà ni?


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Bàbá Fọlá, ojú yín ríran. Ìtọ̀ ọmọkùnrin ló yẹ kó ta. Tó bá ń kán, nǹkan lè wà tó dínà níbi tí ilé ìtọ̀ ti ń ṣí. Wọ́n máa ń bí àwọn ọmọkùnrin kan pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dí ọ̀nà yẹn. Ìtọ̀ á máa dúró sínú, kòkòrò á máa hù nínú rẹ̀, ọmọ á máa rù, bó ti wù kẹ́ ẹ lo oògùn tó. Ẹ má ra oògùn kẹta. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Olabisi Onabanjo tó wà ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn, ẹ sọ fún dókítà ọmọdé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pé ó ń kán. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wo kíndìnrín àti ilé ìtọ̀ rẹ̀, kì í dun ọmọ. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.


Òṣìṣẹ́ Láàbù (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtọ̀sí ajá. Ṣé ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ lódò? Inú omi tí ìgbín kékeré kan ń gbé ni aràn rẹ̀ ti ń wọ awọ ara. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, praziquantel ni. Ẹ mú ìtọ̀ rẹ̀ wá láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn ni ẹyin aràn náà ń jáde jù. Orúkọ ló jọra, kò kan ìbálòpọ̀ náà.


Tíṣà Oúnjẹ (Ìlíṣàn)

Ìyá Àṣàkẹ́, iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹ kò fi oúnjẹ dù ú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ, gàárì, àmàlà: ohun kan náà lẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń fúnni lágbára, wọn kì í kọ́ ara. Gàárì Ìjẹ̀bú, èmi náà kì í fi ṣeré. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwa àgbà ná. Tí ọmọ kékeré bá mu ún, omi ló gba gbogbo ikùn rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe fún ọmọ àbúrò mi rèé. Ẹ ra sóyà, ó wà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Sábó Ṣàgámù. Ẹ ṣà á, ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ wá yan án títí á fi máa ta sánsán. Ẹ má fo ti iná yẹn o, tútù rẹ̀ máa ń da ikùn ọmọ láàmú. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Tí ẹ̀kọ bá ti ń hó, ẹ po ṣíbí ńlá méjì nínú ìyẹ̀fun yìí pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ jẹ́ kó jiná pọ̀. Ẹ fi edé lílọ̀ sí i, àti epo pupa ṣíbí kékeré kan. Lọ́jọ́ tí ẹyin bá wà, ẹ pò ó sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń hó. Ẹ gbé ṣíbí sókè wò. Tí ẹ̀kọ bá ń ṣàn bọ́ bí omi, kò tíì dára. Kó dúró lórí ṣíbí.

Ìkọ́kọrẹ́ yín dára fún un gan-an, ẹ sáà fi ẹja tó ní láárí sí i, ẹ yọ egungun, ẹ fọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọn. Àwa ará Rẹ́mọ, ẹ̀bìrìpò tá a fi kókò ṣe nìkan kò tó, ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ja tì í. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni kó jẹun, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀. Tó bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ nínú àwo kan, ọwọ́ wọn á ti gbọ́n abọ́ náà kó tó gbé òkèlè kejì.

Tí ilé ìwòsàn bá fún yín ní oúnjẹ inú ọ̀rá tó dà bí ẹ̀pà lílọ̀ yẹn, ọmọ náà nìkan ni kó jẹ ẹ́. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, agbára inú rẹ̀ tó kálórì 500. Oògùn ni fún un. Ẹ máa fún un ní omi mímọ́ mu tó bá ń jẹ ẹ́.


Ìyá Àṣàkẹ́ (Odògbolú)

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ karùn-ún rèé. Mo gba ìtọ̀ náà ní láàbù gan-an, aṣọ tútù yẹn ló ṣe é, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àbájáde ti jáde: E. coli ni. Wọ́n ní oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa kò lè pa á, ọ̀kan nínú àwọn tí kẹ́míìsì ti fún un rí ni. Dókítà ti yí i padà sí èyí tí ìwé náà tọ́ka sí. Láti àná ó ti ń sùn mọ́jú. Ṣé kí n dá a dúró nígbà tí ara ti yá?


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Rárá o. Ẹ lò ó tán bí dókítà ṣe kọ ọ́, títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Kòkòrò tó kù sílẹ̀ ló máa ń mọ oògùn náà lójú, òun náà ló fà á tí ti àkọ́kọ́ yẹn kò fi ràn án. Ẹ má tọ́jú ṣíbí kan pa mọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Lóru, tó bá ti ṣu, ẹ dìde kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ẹ bọ́ pámpásì náà, kó máa sáré kiri pẹ̀lú pátá.


Bàbá Fọlá (Ìkẹ́nnẹ́)

A ti lọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n rí ìdínà náà. Wọ́n ti dá wa dúró síbí fún iṣẹ́ abẹ kékeré. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ má gbàgbé ọmọ mi nínú àdúrà.


Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìpẹru)

Ọlọ́run á wo Fọlá. Ẹ máa jẹ́ ká gbọ́.


Ìyá Àṣàkẹ́ (Odògbolú)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Kílò 7.7 ló gbé lórí ìwọ̀n lánàá, apá rẹ̀ ti di 11.7. Nọ́ọ̀sì téèpù yẹn fi ibi tó kúrò nínú pupa hàn mí, mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Wọ́n ní kò tíì tán, ká má sinmi.

Dókítà ní ká tún mú ìtọ̀ wá kóun rí i pé ó ti mọ́. Ìyá ọkọ mi ló di ike mú láàárọ̀ yìí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì sí wọn létí, wọn ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ló ń gún edé fún un báyìí. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń ṣe "ṣùùù, ṣùùù", ìtọ̀ sì dà sí wọn láṣọ. Mo ní kí n gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ṣebí wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kò wúlò, ti àárín làwọn ń dúró dè.